Bàbá Mi àti Bọ́tìnì Inú Òkun

Ọdún tí ìjọba ní kí gbogbo mọ́tò kúrò lápá òsì kí wọ́n máa gba apá ọ̀tún ni ẹ̀gbà mú bàbá mi lápá ọ̀tún. Àwọn aládùúgbò wa kan ní Ajégúnlẹ̀ fi í ṣe àwàdà, wọ́n ní òfin tuntun náà ló bá Bàbá lójijì. Mi ò bínú sí wọn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti burú tán, ẹni tó bá rí ohun kan fi pa èèyàn lẹ́rìn-ín ti ṣe oore.

Télọ̀ ni Bàbá. Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti wá sí Èkó kí wọ́n tó fẹ́ ìyá mi, wọ́n sì rán aṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Boundary, ní Ajégúnlẹ̀ kan náà, fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Aṣọ iṣẹ́ àwọn tó ń kó ẹrù ní èbúté ni wọ́n ń rán jù, àti kóòtù àwọn ọ̀gá inú ọkọ̀ òkun, èyí tí wọ́n máa ń to bọ́tìnì idẹ sí níwájú. Ọwọ́ wọn yá, ojú wọn sì mú. Bí ẹnì kan bá ń kọjá lọ tí bọ́tìnì kan ti já lára ẹ̀wù rẹ̀, Bàbá á pè é wọlé, wọn á fún un ní omi. Kó tó mu omi náà tán, wọ́n ti rán òmíràn síbẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ kan, bí wọ́n ṣe ń dìde lórí ẹní ìkírun ni wọ́n ṣubú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n lò ní ọsibítù. Nígbà tí wọ́n jáde, ọwọ́ ọ̀tún ń fì bí apá ẹ̀wù tí kò sí èèyàn nínú rẹ̀, ẹnu ti yẹ̀ sápá kan, ọ̀rọ̀ sì ti lọ. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ kò sí nínú wọn. A máa ń rí i lójú wọn bó ṣe ń bọ̀, bó ṣe ń dé ètè, bó ṣe ń padà.

Ìyá mi ti kú ṣáájú. Èmi nìkan ni mo wà ní Èkó nínú àwọn ọmọ wọn. Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún nígbà náà, mo sì ti wà nílé ọkọ. Ọkọ mi ń wa tírélà láti Àpápá lọ sí Kánò, ó lè lo ọ̀sẹ̀ méjì kó tó wálé. Yàrá méjì péré la ní. Ẹ̀rù ń bà mí láti sọ fún un pé kí Bàbá wá máa gbé lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n kí n tó lanu ló ti sọ ọ́ fúnra rẹ̀.

"Kí lo tún ń rò?" ó ní. "Ṣé kì í ṣe bàbá wa ni? Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni ká gbé bẹ́ẹ̀dì wọn sí, kí wọ́n lè máa rí èrò."

Orí rẹ̀ ló fi ru bẹ́ẹ̀dì náà láti ilé Bàbá ní Boundary wálé.

Nọ́ọ̀sì kan ní ọsibítù ti sọ fún mi pé kí n má jẹ́ kí ọwọ́ òsì Bàbá ṣíwọ́ iṣẹ́, pé ọwọ́ tó bá dilẹ̀ máa ń gbàgbé ara rẹ̀. Mi ò mọ iṣẹ́ tí mo lè fún wọn. Nígbà tí a kó ẹrù ṣọ́ọ̀bù dé, mo rí agolo bisikíìtì ńlá kan tó kún fún bọ́tìnì: ti ẹ̀wù, ti ṣòkòtò, onígi, onídẹ, èyí tí wọ́n fi ìkarawun ṣe. Mo dà á sórí àwo pẹrẹsẹ kan níwájú wọn, mo ní, "Bàbá, ẹ bá mi ṣà á."

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n kàn ń wò ó ni, omi sì ń bọ́ lójú wọn. Lọ́jọ́ kẹta, mo dé láti ibi iṣẹ́, mo bá a ní òkìtì òkìtì, irú pẹ̀lú irú, kò sí ẹyọ kan tó ṣìnà. Bí mo bá ti yìn wọ́n tán, màá tún da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú agolo fún ọjọ́ kejì. Ó máa ń ṣe mí bíi pé mò ń wó ilé onílé. Bàbá á wá fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu tó ṣì dára rẹ́rìn-ín sí mi, bí ẹni ń sọ pé kò burú.

Ìyá kan tó jẹ́ Ùróbò wà ní yàrá tó kọjú sí tiwa. Ẹja yíyan ló ń tà lẹ́nu ọ̀nà, nítorí náà kì í kúrò nílé, òun ló sì ń bá mi mójú tó Bàbá lọ́sàn-án. Kò gbọ́ Yorùbá púpọ̀. Bí mo bá ti ń yọ ní kọ̀rọ̀ òpópónà ló ti máa pariwo, "My sister, Papa don chop o! E chop everything!" Ara mi á wá balẹ̀.

Ẹ̀yìn ilé yìnyín kan ní Àpápá, níbi tí àwọn ọkọ̀ apẹja ti máa ń já ẹja wọn, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo máa ń fẹsẹ̀ rìn láti Ajégúnlẹ̀, kí n gba Liverpool Road láàárín àwọn tírélà, títí dé etí omi. Yàrá kan wà níbẹ̀ tí ìgò kún inú rẹ̀ láti ilẹ̀ dé òkè. Obìnrin kan tó jẹ́ ọmọ Ẹ̀gbá ló ni yàrá náà, a ń pè wọ́n ní Dókítà, àmọ́ kì í ṣe èèyàn ni wọ́n ń tọ́jú. Wọ́n ti lọ kẹ́kọ̀ọ́ lókè òkun nípa àwọn ẹran inú omi tí kò ní egungun ẹ̀yìn. Wọ́n ti sún mọ́ ẹni àádọ́ta ọdún, wọn kò lọ́kọ, wọn kò bímọ, wọ́n sì máa ń bá àwọn ìgò náà sọ̀rọ̀ bí wọ́n bá rò pé kò sẹ́ni tó ń gbọ́.

Wọ́n kọ́kọ́ gbà mí láti máa kọ ìwé pélébé tó ń wọ inú ìgò kọ̀ọ̀kan: ibi tí wọ́n ti mú ẹran náà, bí omi ṣe jìn tó, ọjọ́ wo. Pẹ́ńsù la fi ń kọ ọ́, nítorí pé sípírítì inú ìgò máa ń fọ yíǹkì nù. Ọjọ́ kan ni Dókítà rí i pé mo ya ẹja kan sí etí ìwé. Bàbá ló kọ́ mi ní yíyà láti kékeré, nígbà tí mo máa ń bá wọn fi ẹfun ya aṣọ kí wọ́n tó gé e. Dókítà wò ó títí, wọ́n ní, "Láti ọ̀la, ìwọ lo máa máa yàwòrán fún mi."

Ẹran tí Dókítà fẹ́ràn jù kò lẹ́wà rárá. Àwọn òyìnbó ń pè é ní kùkúńbà òkun, àwọn atukọ̀ wa sì ń pè é ní iṣu òkun, wọ́n a máa jù ú padà sómi kí Dókítà tó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa bá òun kó o wá. Ó pupa rúsúrúsú, ó gùn tó àtàǹpàkò, ó rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. Bí ọwọ́ bá ti kàn án, á súnkì.

"Ẹran ni èyí, mà?" ni mo bi wọ́n lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i.

"Ẹran ni. Ó ní ẹnu, ó ní ìdí, kò ní orí."

Mo rẹ́rìn-ín. Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n jókòó.

"Bí o bá dé Ìsẹ́yìn lónìí," wọ́n ní, "tí o sọ orúkọ tìrẹ nìkan, ta ni yóò mọ̀ ọ́?"

"Kò sí, mà. Àfi kí n dárúkọ agboolé wa."

"Ó dáa. Gbogbo ẹran tó wà nínú ìgò wọ̀nyí ló ní orúkọ méjì. Ti àkọ́kọ́ ni ti agboolé, ti ìkejì ni ti ara rẹ̀. Tí mo bá ṣi agboolé rẹ̀ mọ̀, gbogbo ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn mi ni yóò máa fi oríkì ilé onílé kí i. Ìdí tí mo fi fẹ́ kí o fara balẹ̀ nìyẹn."

Ojú lásán kò lè mọ agboolé wọn, nítorí gbogbo wọn ló jọra lóde. Awọ wọn la máa ń bi léèrè. A ó gé e tó èékánná ọmọ tuntun, a ó fi í sínú omi búlíìṣì tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun, ẹran á sì yọ́ dànù. Ohun tó bá kù nísàlẹ̀ á dà bí àtíkè díẹ̀. Egungun wọn nìyẹn, inú awọ ló máa ń wà. A ó fi omi ṣàn án, a ó kán an sórí gíláàsì pélébé, a ó sì gbé e sábẹ́ maikirosíkópù, ẹ̀rọ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá lójú ẹni.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fi ojú sí ẹ̀rọ náà, díẹ̀ ló kù kí n kígbe. Bọ́tìnì ni mo rí. Bọ́tìnì funfun, wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́, tó mọ́ gaara, tí ihò mẹ́rin wà láàárín rẹ̀, àfi bíi pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dà á láti inú agolo.

"Bọ́tìnì ni, mà!"

"Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó kọ́kọ́ rí i ṣe pè é," Dókítà ní. "Bọ́tìnì lorúkọ rẹ̀ nínú ìwé wa títí dòní."

Ọkàn mi lọ sílé lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo dé, mo jókòó ti Bàbá, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn: pé ẹran kan wà nísàlẹ̀ òkun tí wọ́n rán bọ́tìnì mọ́ lára. Wọ́n tẹjú mọ́ mi. Wọ́n gbé ọwọ́ òsì wọn lé mi lórí, wọ́n sì jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀.

Dókítà ti kó ìgò méjìlélógójì jọ. Agboolé kan ṣoṣo ni wọ́n kó gbogbo wọn sí, wọ́n sì ti ń múra láti kọ̀wé sí ọ̀gá kan lókè òkun tó mọ̀ nípa ẹran náà ju gbogbo ayé lọ. Wọ́n ní kí n ya bọ́tìnì ìgò kọ̀ọ̀kan sórí káàdì kan, kí n kọ nọ́ńbà ìgò sẹ́yìn rẹ̀. Níbi iṣẹ́ ni mo ti máa ń fi pẹ́ńsù yà á, màá wá kó o dání lọ sílé ní ìparí ọ̀sẹ̀ láti fi yíǹkì tẹ̀ lé e.

Ọ̀sán Sátidé kan, mo ti tẹ̀ ẹ́ tán, mo tò wọ́n sórí ẹní kí wọ́n gbẹ. Mo jáde lọ ká aṣọ lórí okùn. Nígbà tí mo wọlé, Bàbá ti sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti jókòó sílẹ̀, wọ́n sì ti pín àwọn káàdì náà sí ọ̀nà méjì. Òkìtì kan pọ̀, èkejì kò tó nǹkan.

"Bàbá, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn o," mo ní. "Ilé kan náà ni wọ́n ti wá."

Wọ́n mi orí pé rárá. Ètè wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. "Sẹ̀," wọ́n ní. Wọ́n mí kanlẹ̀. "Ẹ... sẹ̀."

Inú mi dùn pé wọ́n sọ̀rọ̀, ó sì tún dùn mí pé ìrora ni wọ́n fẹ́ sọ. Bí wọ́n ṣe jókòó lórí ilẹ̀, mo rò pé ẹsẹ̀ wọn ti kú. Mo sáré mú òrí, mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi pa ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn. Wọ́n fa ẹsẹ̀ òsì sẹ́yìn, wọ́n sì fi ọwọ́ lu ilẹ̀. "Ẹsẹ̀!" Ó mọ́ kedere. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi òrí pa ti òsì náà.

Ìyá Ùróbò yọjú lẹ́nu ọ̀nà. "Wetin do Papa?"

"Leg dey pain am, Mama."

Ó wo Bàbá lójú, ó mi orí. "No be leg. Look im eye. Leave am, make e show you."

Mo jẹ́ kí ẹsẹ̀ wọn lọ. Mo kó àwọn káàdì náà, mo pò wọ́n pọ̀, mo tún tò wọ́n sílẹ̀ níwájú wọn. Nọ́ńbà wà lẹ́yìn, wọn kò lè rí i. Wọ́n fara balẹ̀, wọ́n ń fi ìka fa ọ̀kọ̀ọ̀kan sápá kan. Nígbà tí wọ́n parí, mo yí èyí tó kéré padà: mọ́kànlá. Mo kọ nọ́ńbà wọn sílẹ̀, mo tún pò ó pọ̀. Mọ́kànlá náà ni wọ́n tún yọ, ẹyọ kan kò yàtọ̀.

Bàbá wá na ọwọ́ sí agolo bisikíìtì. Wọ́n wá bọ́tìnì ẹ̀wù kan, pẹlẹbẹ, wọ́n gbé e lé òkìtì ńlá. Wọ́n wá bọ́tìnì idẹ kan, irú ti kóòtù àwọn ọ̀gá ọkọ̀, èyí tí òrùka kékeré wà lábẹ́ rẹ̀ tí òwú máa ń gbà kọjá. Ìyẹn ni wọ́n gbé lé òkìtì kékeré. Nínú ṣọ́ọ̀bù wa, bọ́tìnì ẹlẹ́sẹ̀ la máa ń pè é.

Mo gbé káàdì kan sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Láàárín bọ́tìnì tí mo yà, ìlà dúdú kékeré kan wà. Bí mo ṣe rí i lábẹ́ ẹ̀rọ ni mo ṣe yà á, mo sì ti rò ó sí ìdọ̀tí. Gbogbo mọ́kànlá náà ló ní ìlà yìí. Kò sí lára àwọn yòókù.

"Bàbá," mo ní, "ẹ ń sọ pé nǹkan kan dúró sára àwọn wọ̀nyí? Pé wọ́n ní ẹsẹ̀?"

Wọ́n di ojú, wọ́n mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Omi wá sí ojú èmi náà. Òrí ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Ẹ̀rín ni wọ́n fi dá mi lóhùn, ẹ̀rín tí kò lóhùn, tí ó ń mi ikùn wọn.

Nígbà tó di Mọ́ńdè, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà Dókítà fún ìgbà pípẹ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún ẹni tó ti kàwé dé òkè òkun pé télọ̀ kan tí kò lè sọ̀rọ̀ ló rí àṣìṣe nínú iṣẹ́ wọn? Mo wọlé, mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo sì to káàdì mọ́kànlá náà sórí tábìlì.

"Ìlà yìí, mà. Ó dà bíi pé kì í ṣe ìdọ̀tí."

Dókítà wò ó. Ojú wọn le díẹ̀. "Mo ti rí i. Awọ tí kò yọ́ tán ni. Ta ló sọ fún ọ pé nǹkan mìíràn ni?"

"Bàbá mi ni, mà. Wọ́n ní ẹsẹ̀ ló ní."

"Níbo ni bàbá rẹ ti kẹ́kọ̀ọ́?"

"Ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ni, mà."

Mo rò pé wọ́n máa lé mi jáde. Kàkà bẹ́ẹ̀, wọ́n gbé ọ̀kan nínú mọ́kànlá náà sábẹ́ ẹ̀rọ, wọ́n mú abẹ́rẹ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ti gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ tó bò ó, díẹ̀díẹ̀, kí bọ́tìnì náà lè yí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ohun tó kéré ju iyẹ̀pẹ̀ lọ ni a fẹ́ dá dùbúlẹ̀ o. Títí di ọ̀sán ni wọ́n ń ti í. Mo gbọ́ tí wọ́n mí, tí wọ́n ní, "Wá wò ó."

Bọ́tìnì náà ti fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Igi tín-ín-rín méjì dúró lórí rẹ̀, wọ́n sì pàdé lókè, bí ọwọ́ agbọ̀n tí a fi ń gbé e. Mo wo ti ìgò mìíràn nínú òkìtì ńlá: pẹlẹbẹ, kò ní nǹkan kan.

Dókítà kó ẹran inú ìgò mọ́kànlá náà jáde, wọ́n tò wọ́n sínú àwo pẹ̀lú àwọn yòókù. Ẹran wọ̀nyí máa ń ní ẹsẹ̀ kéékèèké lára tí wọ́n fi ń di ilẹ̀ mú. Lára àwọn tó pọ̀, ẹsẹ̀ náà tò ní ọ̀wọ́ márùn-ún láti ẹnu dé ìdí, bí ebè. Lára mọ́kànlá náà, ó kàn fọ́n káàkiri ni, bí èéyi.

"Mo ti rí èyí náà," Dókítà sọ jẹ́jẹ́. "Mo ní sípírítì ló mú kí wọ́n súnkì, pé ọ̀wọ́ ló dàrú. Ilé méjì ni. Mo kó ọmọ onílé sínú ilé onílé."

Wọ́n jókòó, wọ́n bọ́ awò ojú wọn. Lẹ́tà tí wọ́n ti kọ sí ọ̀gá òkè òkun wà lórí tábìlì, ó ku kí wọ́n fi ránṣẹ́. Àánú wọn ṣe mí. Mo lọ po tíì, mo gbé e síwájú wọn. Wọ́n mu ún tán. Wọ́n ya lẹ́tà náà sí méjì, wọ́n ní, "Ó sàn ká gbọ́ ọ nílé ju ká gbọ́ ọ lóde lọ. Ìgbà wo ni mo lè wá kí Bàbá?"

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n wá. Mọ́tò wọn kò lè wọ òpópónà wa nítorí omi òjò, ni wọ́n bá bọ́ bàtà, wọ́n rìn wọlé. Mo ti wẹ Bàbá, mo ti wọ ẹ̀wù funfun fún wọn. Dókítà kúnlẹ̀ lórí ẹní, orúnkún méjèèjì.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá," wọ́n ní.

Láti ọjọ́ tí Bàbá ti ṣubú, gbogbo ẹni tó ń wọlé, "Ẹ pẹ̀lẹ́" ni wọ́n ń sọ, "Ara á le o, Ọlọ́run á ṣàánú." Kò sí ẹni tó kí wọn kú iṣẹ́ rí láti ìgbà náà. Mo rí i bí ẹ̀yìn wọn ṣe nà. Mo rí i bí wọ́n ṣe gbé àgbọ̀n sókè, tí wọ́n fi ọwọ́ òsì tún ọrùn ẹ̀wù wọn ṣe, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe tí oníbàárà bá wọ ṣọ́ọ̀bù. Mo ní láti jáde lọ bá Ìyá Ùróbò nídìí ẹja rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Láti ọjọ́ náà lọ, Dókítà kì í parí káàdì kankan kí Bàbá tó rí i. Bàbá náà máa ń ṣàṣìṣe o. Nígbà kan, wọ́n yọ káàdì mẹ́rin sọ́tọ̀, Dókítà kò sì rí ìdí rẹ̀ títí a fi mọ̀ pé ẹnu pẹ́ẹ̀nì tí mo fi yà wọ́n ló ti là. Dókítà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikọ́.

Ọ̀gá òkè òkun tí Dókítà kọ lẹ́tà tuntun sí dá èsì padà ní àsìkò tí a ń kọ́ bí a ó ṣe máa pe owó ní náírà. Ó ní òótọ́ ni, agboolé méjì ni. Ṣùgbọ́n ó ní ọ̀kan nínú mọ́kànlá náà kò bá wọn lọ, kí a dá a padà sí ilé àkọ́kọ́. Mo gbé káàdì náà fún Bàbá, mo ṣàlàyé. Wọ́n wò ó, wọ́n yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, wọ́n sì gbé e padà sórí òkìtì kékeré. Títí di òní, mi ò mọ ẹni tó tọ̀nà nínú àwọn méjèèjì.

Ọkọ mi ló ní ó yẹ kí Bàbá rí ẹran náà láàyè. Àárọ̀ Sọ́ńdè kan tó wà nílé, ó yá ọkọ̀ pikọ́ọ̀pù lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ó gbé Bàbá sí iwájú, èmi jókòó sẹ́yìn, a lọ sí Àpápá. Dókítà ti ń dúró dè wá létí omi. Ọkọ̀ apẹja kan ti wọlé ní ìdájí, wọ́n sì ti bá wa tọ́jú ẹyọ kan sínú abọ́ ńlá tó kún fún omi òkun. Ẹlẹ́sẹ̀ ni, Dókítà ti yẹ awọ rẹ̀ wò.

A yí abọ́ náà ká. Kò ṣe nǹkan kan. Iṣu lásán ni. Oòrùn ń mú, ọkọ mi ń pààrọ̀ ẹsẹ̀ tó fi dúró. Mo ní ká padà sílé, pé ara Bàbá kò gbà á, wọ́n sì fi ọwọ́ òsì dá mi dúró. Ẹni tó ti ń fi òwú sínú abẹ́rẹ́ láti ọmọdé mọ bí a ti ń dúró.

Ó wá lanu. Apá mẹ́wàá jáde lẹ́nu rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan yọ ẹ̀ka, ẹ̀ka náà tún yọ ẹ̀ka, títí ó fi dà bí igi kéékèèké tó ń fì nínú omi. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó tẹ apá kan wọ ẹnu, ó lá a, ó yọ ọ́ jáde. Ó tẹ òmíràn wọ ẹnu. Bí ọmọdé ṣe máa ń lá ọbẹ̀ ara ìka rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn oúnjẹ gan-an ló ń ṣe.

"Ó ń jẹun," Bàbá sọ.

Gbogbo wa la gbọ́ ọ. Odindi ọ̀rọ̀ ni, ó mọ́, kò fà. Ọkọ mi yí ojú sí omi, ó ń wo ọkọ̀ kan tí kò sí nǹkan kan lára rẹ̀ tó ṣeé wò. Dókítà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ó ń jẹun."

Bàbá lo ọdún mẹ́rin sí i. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ padà sí ẹnu wọn, kò pọ̀: orúkọ mi, omi, ó dáa, Alihamudulilahi. Ọwọ́ ọ̀tún kò padà. Ọ̀sán Jímọ̀ kan ni wọ́n sùn tí wọn kò jí mọ́. Nígbà tí a ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Dókítà wá, wọ́n jókòó lórí ẹní láàárín àwọn àgbà télọ̀ ẹgbẹ́ Bàbá, wọ́n sì sọ ohun tí Bàbá ṣe fún òun, láti orí ìlà dúdú dé orí lẹ́tà òkè òkun. Àwọn àgbà náà gbọ́ ọ, wọ́n ń mi orí. Ọ̀kan nínú wọn, ẹni tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú, béèrè pé ẹran náà fúnra rẹ̀, iṣẹ́ wo ló ń ṣe nísàlẹ̀ òkun.

"Ó máa ń dúró sójú kan ni, Bàbá," Dókítà dá a lóhùn. "Ohun tí omi bá gbé kọjá ló ń mú jẹ."

Àgbà náà rò ó. "Ọlọ́run ń bọ́ ọ nìyẹn," ó ní, ó sì ní kí n bu omi fún òun.